Ipò Kẹrìnlélọ́gọ́ta

Ọ̀nà méjì ni gbogbo ayé mọ̀ tí nǹkan fi ń kúrò lọ́wọ́ ẹni: kí wọ́n já a gbà, tàbí kó ṣèèṣì bọ́. Àwọn tó ń fi ọfà kékeré jẹun mọ ọ̀nà kẹta. Nǹkan á wà lọ́wọ́ ẹni, ẹni náà á dì í mú ṣinṣin, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ bí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un bá pé, á bọ́.

Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Káfíńtà mọ ọ̀nà kẹta yìí dáadáa. Kì í kan ilẹ̀kùn mọ́. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélógún tó ti fi òòlù sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó kó ọfà mẹ́ta sínú àpò awọ, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ìdíje dáàtì, eré tí wọ́n ti ń ju ọfà kékeré sára pátákó, láti ìlú dé ìlú. Orúkọ iṣẹ́ àtijọ́ ló kù tí wọ́n fi ń pè é. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Èjìká ọ̀tún máa ń dùn ún láàárọ̀, ó sì ti sun òtẹ́ẹ̀lì débi pé bó bá jí, ó ní láti kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ kó lè rántí apá ibi tí balùwẹ̀ wà.

Bí wọ́n ṣe ń to àwọn tó ń fi dáàtì ṣiṣẹ́ ṣe rí nìyí. Ẹnikẹ́ni kò wo bí ọwọ́ rẹ ṣe dán tó, wọn kò sì béèrè iye ọdún tí o ti lò. Owó tí o gbà níbi ìdíje láàárín ọdún méjì ni wọ́n ń rò pọ̀, iye tó bá jẹ́ ló ń sọ ipò rẹ lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ọdún méjì náà kì í dúró sójú kan. Lọ́jọ́ tí ìdíje kan bá parí, èyí tí o gbà níbi ìdíje kan náà ní ọdún méjì sẹ́yìn á kúrò lórí ìwé. Wọn kò gbà á padà lọ́wọ́ rẹ o, o ti ná an tipẹ́. Orí ìwé nìkan ló ti kúrò. “Ó ti bọ́” ni àwọn aláré máa ń wí, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ eyín ọmọdé. Ẹni mẹ́rìnlélọ́gọ́ta àkọ́kọ́ ló ń gba káàdì tí wọ́n fi ń wọ ìdíje. Ẹni tí kò bá ní káàdì, kó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Káfíńtà a máa rò ó nínú bọ́ọ̀sì. Láti ọ̀kan dé mẹ́rin lórí ọgọ́ta, lílé ni à ń lé e: mọ́kànlélọ́gọ́ta, méjìlélọ́gọ́ta, títí dé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Bó bá ti di márùn-ún, ọ̀rọ̀ á yí padà, á di dídín: márùndínláàádọ́rin. Ẹni kẹrin ṣì ní nǹkan lórí. Ẹni karùn-ún ti di ẹni tí ó kù díẹ̀ káàtó fún. Ó ní ẹni tó dá òǹkà yìí sílẹ̀ yóò ti ta dáàtì rí.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, nínú gbọ̀ngàn ńlá tó wà lẹ́yìn ọgbà tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ àlòkù, Káfíńtà ta ọfà bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́, ó sì wà lára àwọn mẹ́rin tó kẹ́yìn. Owó ọjọ́ yẹn ló gbé e ró láti ìgbà náà. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni ìdíje gbọ̀ngàn náà yóò tún wáyé, owó náà yóò sì bọ́. Ipò kejìdínlọ́gọ́ta ló wà. Bí kò bá borí ẹni kan péré lọ́jọ́ náà, ipò karùndínláàádọ́rin ló ń lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n gbé orúkọ àwọn tí yóò kojú ara wọn jáde. Aláré kan tí wọ́n ń pè ní Télọ̀ ni wọ́n fi kò ó. Télọ̀ náà wà létí bèbè. Ẹni tó bá borí nínú àwọn méjèèjì ló máa jókòó sípò kẹrìnlélọ́gọ́ta.

Ọjọ́ Ajé, lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ni ọfà bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́.

*

Gbọ̀ngàn kékeré kan wà tí àwọn aláré ti ń dára wọn lẹ́kọ̀ọ́, pátákó mẹ́fà ló wà lára ògiri rẹ̀. Pátákó tó kángun sí fèrèsé ni Káfíńtà máa ń lò. Ó ta ọfà kẹta, ọfà náà wọlé sí ibi tó fẹ́ gẹ́lẹ́, ó rọ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, ó tẹrí ba, ó sì já bọ́ sílẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan tuntun. Pátákó a máa gbó. Ó tẹ̀ síwájú.

Lọ́jọ́ kejì, méje ló bọ́. Ó pààrọ̀ pátákó. Ó pààrọ̀ ẹnu ọfà. Ó yá ọfà ẹlòmíràn lò, tìyẹn náà bọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ohun tí aláré bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nípa ọwọ́ rẹ̀, kíá ló máa ń dé etí gbogbo gbọ̀ngàn. Àmọ́ ohun tó bà á lẹ́rù jù ni pé, nígbàkigbà tí ọfà bá ti ń rọ̀, kó tó já, ó máa ń gbọ́ ìró aago, kẹ́kẹ́kẹ́, lẹ́bàá etí rẹ̀. Gbọ̀ngàn náà kò ní aago. Ó bi ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ bóyá wọ́n fi aago tuntun kọ́ síbì kan. Ọkùnrin náà wò ó lókè wò ó nílẹ̀, ó ní kó lọ sinmi.

Lọ́jọ́rú, mẹ́rìnlá bọ́ nínú ọgbọ̀n. Káfíńtà wo Télọ̀ ní òdìkejì gbọ̀ngàn. Télọ̀ ń ta ọfà tirẹ̀, ara rẹ̀ bo pátákó, kò wo ẹ̀yìn. Ó ti kí i láàárọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó ní ẹ̀gbọ́n, kò ní rẹ̀ yín o. Kí ló dé tó fi ń wo ẹsẹ̀ òun bó ṣe ń kí òun?

*

Ohun tí Káfíńtà kò mọ̀ lọ́jọ́ náà, tó jẹ́ pé ẹnu Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló ti padà gbọ́ ọ, nìyí.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Télọ̀, ìlú kan náà ni òun àti Káfíńtà ń gbé. Ṣòkòtò ló ń rán tẹ́lẹ̀, ilé ìyá ìyàwó rẹ̀ ló sì ń gbé. Ìyá náà kò bú u rí. Ohun tó kàn máa ń ṣe ni pé bí àlejò bá béèrè iṣẹ́ tí ọkọ ọmọ rẹ̀ ń ṣe, á ní, “Ó ń ju nǹkan.” Gbólóhùn yìí ti jẹ Télọ̀ lẹ́ran ara dé egungun. Nígbà tó wá gbọ́ pé àwọn aláré kan ń rí ẹnì kan fún ọ̀ràn ipò, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni náà ń tún aago ṣe nínú yàrá tóóró kan lábẹ́ àtẹ̀gùn. Aago bí ọgọ́rùn-ún ló wà lára ògiri, kò sí méjì tí àkókò wọn bára mu. Télọ̀ ṣàlàyé pé òun kò fẹ́ kí àgbà òun kú o, kó má ṣàìsàn pàápàá, kí ọfà rẹ̀ kàn máa já bọ́ ni. Baba aláago kò wò ó lójú. Ó fi ọ̀bẹ kékeré ha ìpẹtà ara irin aago kan tó ti kú, ó fi bébà wé ìyẹ̀fun náà.

“Ìlà tí ẹ ń dúró sí kẹ́ ẹ tó ta ọfà, ibẹ̀ ni kí o wọ́n ọn sí,” ni baba náà wí. “Ẹsẹ̀ tó bá tẹ̀ ẹ́, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá jù kò ní dúró níbi kankan.”

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹnikẹ́ni tó dé, Télọ̀ wọ́n ọn sórí ìlà pátákó tó kángun sí fèrèsé. Ó lọ jókòó sápá kejì. Káfíńtà dé, ó gbé àpò kalẹ̀, ó dúró sórí ìlà, ó ta bíi mẹ́fà, ó sì bojú wẹ̀yìn. Ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin aláré yìí tó jókòó lóun nìkan, ó sì ṣàánú rẹ̀, nítorí pé wọ́n máa kojú ara wọn lọ́jọ́ Sátidé, kò sì fẹ́ kí ó di ìjà. Ó ní, “Àbúrò, wá ká jọ ta ọ̀kan.”

Kí ni Télọ̀ fẹ́ wí? Àgbà pè é. Kò lè ní òun ò wá. Kò sì lè dúró sí ẹ̀yìn ìlà bí ẹni tó ń fo ojú omi. Ó dìde, ó rìn lọ síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ oògùn tó fi owó ara rẹ̀ rà.

*

Káfíńtà ti mọ obìnrin kan láti ọjọ́ pípẹ́, ìyá afọṣọ kan tó ní ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́rin níwájú àti yàrá kan lẹ́yìn tó ti ń ṣe oògùn. Ìyá ìyàwó Káfíńtà ló kọ́kọ́ mú un débẹ̀, nígbà tí kò rí oorun sùn. Lọ́sàn-án ọjọ́rú ló lọ. Nínú bọ́ọ̀sì, ó ń ro ọ̀rọ̀ tó máa sọ, nítorí ó mọ̀ pé ìyá náà kì í fẹ́ ìtàn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń gbà. Ó rò ó, ó gé e, ó tún un gé, bí ẹni tó ń fá igi títí kò fi sí èérún lára rẹ̀ mọ́. Nígbà tó fi máa sọ̀kalẹ̀, ó ti rí i, inú rẹ̀ sì dùn sí i.

Ooru wà nínú yàrá ẹ̀yìn náà. Irin ìlọṣọ mẹ́ta wà lórí iná, ìkòkò sítáàṣì kan ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìyá náà ń lọ aṣọ ibùsùn funfun kan, kò dáwọ́ dúró.

“Ohun tó wà lọ́wọ́ mi, kó má bọ́,” ni Káfíńtà wí.

Ìyá náà gbé irin kalẹ̀. “Ṣé ó tán?”

“Ó tán, ìyá.”

“Mi ò mọ eré yín o. Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bíbọ́ lọ́dọ̀ yín. Ohun tí o bá fi ẹnu rẹ sọ ni màá dì.”

Ó ní òun gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ní ju ìtumọ̀ kan lọ létí rẹ̀. Láti ọdún mọ́kànlélógún, kò sí ohun mìíràn tó ń bọ́ ju ipò lọ. Ìyá náà ní kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó sọ ọ́. Ìyá náà bu sítáàṣì gbígbóná, ó da nǹkan dúdú kan lé e, ó fi pa ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé èékánná, ó sì ní kó má fọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ ọ̀la yóò fi mọ́. Bó ṣe ń gbẹ, ó ń fà á, bí ìgbà tí ẹlòmíràn bá wọ ìbọ̀wọ́ tó kéré jù sí i lọ́wọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, ó ta ọgọ́rùn-ún ọfà. Ẹyọ kan kò bọ́. Kò gbọ́ ìró aago kankan. Ọfà náà wọ pátákó débi pé ó ní láti fi ẹsẹ̀ ti ògiri kó tó fà wọ́n yọ. Ó jẹun lọ́jọ́ yẹn bí ènìyàn. Ìgbà tó jẹun tán ló ṣàkíyèsí pé ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ òun, àwo sì ti ṣófo tipẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ òsì yọ ọ́.

*

Lọ́jọ́ Ẹtì, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ìyàwó rẹ̀ sìn ín dé ibùdókọ̀, nítorí pé ìrìn wákàtí mẹ́rin ló wà láàárín ìlú wọn àti gbọ̀ngàn ìdíje. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra ni wọ́n ṣe: Káfíńtà fi ọwọ́ ọ̀tún di ọwọ́ rẹ̀ mú. Awakọ̀ fun fèrè.

Ìyàwó ní kó máa lọ. Ó ní òun ń lọ. Kò sì lọ.

Awakọ̀ tún fun fèrè. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá wọn, ṣé ẹ fẹ́ dì mí mẹ́rù ni?” Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, obìnrin kan ní irú ọkọ báyìí ṣọ̀wọ́n. Káfíńtà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Òógùn ti bò ó níwájú orí. Ó ń sọ fún ọwọ́ rẹ̀ nínú ọkàn pé kó ṣí, ọwọ́ náà ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ èdè tí kò yé e.

Ìyàwó rẹ̀ wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín sì kúrò lójú òun náà. Ó wo àwọn ìka náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí ọmọ-ìka-kékeré, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tú ìdè ewúrẹ́ tó lè ta ènìyàn nípàá. Nígbà tó dé àtàǹpàkò, ó ní láti fi eyín sí i. Ojú ibi tó ti dì í mú pọ́n, ó sì wú. Ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe.

“Ẹ pè mí tẹ́ ẹ bá débẹ̀,” ló wí. “Ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ fi pè mí.”

Nínú bọ́ọ̀sì náà, ó fi ọwọ́ òsì mú bírò, ó ń kọ gbólóhùn mìíràn sẹ́yìn bébà. Kí ọfà kúrò lọ́wọ́ mi, kí ipò má kúrò. Rárá. Kí èyí tí mo bá fẹ́ kúrò kúrò, kí èyí tí n kò fẹ́ dúró. Ó pa á rẹ́. Ó wá ihò inú rẹ̀, ó dí i, ihò mìíràn yọ. Nígbà tó pe ìyá afọṣọ, ariwo ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ gbọ́. Ó ka gbólóhùn tuntun náà fún un, ó gùn tó àdúrà.

Ìyá náà ní ọwọ́ kan ṣoṣo kò lè dì kó tún ṣí. Ó ní ohun tí òun lè fún un nìyí: ohun tó ń bọ́ ló ń tú ohun tó dì. Kó wá ẹni tí ohun tó bá jù kì í dúró, kó fi ọwọ́ rẹ̀ sínú tirẹ̀, wọ́n á sì tú ara wọn sílẹ̀. Káfíńtà ní níbo lòun ti fẹ́ rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tó jẹ́ pé kí nǹkan dúró sára ògiri niṣẹ́ wọn. Ìyá náà ní oníbàárà ń dúró. Ó gbé fóònù kalẹ̀.

*

Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ní pátákó kẹsàn-án, nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ tí kámẹ́rà tẹlifíṣàn kò dé. Òǹwòran tó nǹkan bí ogójì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gba eré mẹ́fà ló borí. Nínú eré kọ̀ọ̀kan, àmì ọ̀kan lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀, yóò máa yọ ohun tó bá ta kúrò títí yóò fi di òfo, ọfà tó gbẹ̀yìn sì gbọ́dọ̀ wọ inú òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí pátákó ká, èyí tí wọ́n ń pè ní ìlọ́po méjì.

Káfíńtà gbé apá sókè, ó jù ú. Ọfà kò lọ. Ọwọ́ lọ, ó padà, ọfà sì wà láàárín ìka rẹ̀ bí èékánná mìíràn. Rẹfirí wò ó. Ó tún gbé apá. Lẹ́ẹ̀kẹta ni ọfà náà já, ó sì wọ pátákó bí ìṣó. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ rí. Ó ń jù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹyọ kan tó lọ, èjìká rẹ̀ sì ń ké.

Ṣùgbọ́n ohun tó ya gbogbo yàrá lẹ́nu ni Télọ̀. Ọfà tirẹ̀ ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ń dé ibi tó rán an, á rọ̀, á tẹrí ba, á já bọ́. Èyí tó bá já bọ́, wọn kì í kà á. Nínú mẹ́wàá, bóyá méjì ló ń dúró.

Àwọn òǹwòran kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn wákàtí kan, wọ́n ń súnra kì. Lẹ́yìn wákàtí méjì àti ààbọ̀, wọ́n ti di mẹ́sàn-án, eré sì di márùn-ún sí márùn-ún. Rẹfirí ti mú àga wá. Ohùn rẹ̀ tó fi ń pe àmì ti dà bíi ti ẹni tó ń ka orúkọ òkú.

Eré tó kẹ́yìn. Ìlọ́po méjì tó wà lójú nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún ló kù fún Káfíńtà. Ti ojú nọ́ńbà mẹ́wàá ló kù fún Télọ̀. Ìgbà mọ́kànlá ni Télọ̀ ta ọfà sínú rẹ̀ gan-an, ìgbà mọ́kànlá náà ló bọ́. Níbi ìgbà kejìlá ni Káfíńtà gbọ́ ọ, kẹ́kẹ́kẹ́, ìró aago, kì í ṣe létí tirẹ̀. Ó rí i tí Télọ̀ fi ọwọ́ gbo etí.

Ẹni tí ohun tó bá jù kì í dúró.

Nígbà tí wọ́n jọ ń bu omi mu lẹ́yìn, ó rántí bí Télọ̀ ṣe ń wo ẹsẹ̀ òun lọ́jọ́rú, ó sún mọ́ ọn, ó sọ ọ́ sí i létí. “Télọ̀, kí lo tẹ̀?”

Télọ̀ kò wò ó. Ètè rẹ̀ gbẹ. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ní kí n wá ta ọ̀kan.”

Ní gbólóhùn mẹ́rin márùn-ún, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ìlà, ìyẹ̀fun, baba aláago. Káfíńtà kò bínú. Ó wá ibi tí ìbínú máa ń wà nínú rẹ̀, àárẹ̀ ló bá níbẹ̀. Òun náà sọ ti ìyá afọṣọ àti gbólóhùn tòun, ó sì sọ ohun tó máa tú àwọn méjèèjì sílẹ̀: ọwọ́ sínú ọwọ́. Télọ̀ ti ń na tirẹ̀ bọ̀ kó tó rántí, ó sì yára fà á sẹ́yìn.

Nítorí pé òfin kan wà nínú eré yìí tí ọmọ ọjọ́ kan níbẹ̀ mọ̀. Bí eré bá parí ni aláré méjì ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá na ọwọ́ nígbà tí eré ṣì ń lọ ti wí pé òun gbà, òun ti pàdánù. Kò nílò ọ̀rọ̀ ẹnu. Eré yìí kò sì ní parí títí ayé, bí ọ̀kan kò bá lè jù ú, tí ti èkejì kò sì lè dúró.

“Na ọwọ́ sí mi,” ni Káfíńtà wí.

“Ẹ̀yin lẹ ó nà án, ẹ̀gbọ́n. Ọmọdé kì í na ọwọ́ sí àgbà.”

Káfíńtà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà gbọ́n. Ó ní kí wọ́n jọ nà án lẹ́ẹ̀kan náà, kí rẹfirí má lè dá a mọ̀. Télọ̀ gbà. Wọ́n ka ení, wọ́n ka èjì, wọ́n ka ẹ̀ta, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì mira. Wọ́n wo ara wọn. Rẹfirí ní kí wọ́n padà sórí ìlà. Bí wọ́n ṣe ń lọ, Káfíńtà gbìyànjú láti fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ti Télọ̀ bí ẹni tó ṣèèṣì, Télọ̀ fò sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ ejò, rẹfirí sì kìlọ̀ fún àwọn méjèèjì.

Wákàtí kan tún kọjá. Ìtànṣán oòrùn kúrò lára pátákó, ó gun ògiri, ó dé àjà. Òǹwòran ku mẹ́ta, ọ̀kan ń sùn.

Káfíńtà dúró sórí ìlà, ó ju ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, ọfà kò lọ. Ó dáwọ́ dúró, ó wo ìka rẹ̀. Ohun tó sọ ni ọwọ́ náà ń ṣe. Kò purọ́ fún un, kò dà á. Ó ń dì í mú. Bó bá dúró síbẹ̀ pẹ́ tó, bóyá Télọ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣubú, bóyá òun ni yóò jókòó sípò kẹrìnlélọ́gọ́ta, pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́, ọwọ́ tí kò lè ju nǹkan kan, tí kò lè gbé òòlù kó sì tún gbé e kalẹ̀, tí ìyàwó yóò máa fi eyín tú. Bí ọdún méjì bá sì pé, wọ́n á tún pàdé lẹ́yìn ọgbà ọkọ̀ àlòkù yìí. Ó ro iye bọ́ọ̀sì tó wà láàárín òní àti ọjọ́ náà. Ó rẹ̀ ẹ́ dé inú eegun.

Ó yípadà kúrò níwájú pátákó. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ọfà ṣì wà láàárín ìka rẹ̀.

Rẹfirí dìde lórí àga. Télọ̀ wo ọwọ́ náà, kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ó wo ojú Káfíńtà bóyá ẹ̀tàn ni. Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, bí ọmọdé ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kò sí ẹni tó lè ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Rẹfirí ní òun gbọ́ ohun kan bí ìgbà tí aago ńlá bá dúró. Ohun tí Káfíńtà mọ̀ ni pé ìka rẹ̀ gbóná, wọ́n tutù, wọ́n sì rọ̀, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Ọfà bọ́ sáàárín ẹsẹ̀ wọn. Kò tíì gbọ́ ohun tó dùn tó o rí.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Télọ̀ wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “ẹ má tíì fi mí sílẹ̀.”

Káfíńtà dúró díẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà, ó yọ ọwọ́ rẹ̀.

*

Akọ̀wé ìdíje jókòó sí tábìlì kan lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, kọ̀ǹpútà wà níwájú rẹ̀. Ó kọ ohun tí rẹfirí mú wá sílẹ̀. Orúkọ yí padà lójú wọn. Ipò kẹrìnlélọ́gọ́ta, Télọ̀. Ipò karùndínláàádọ́rin, Káfíńtà. Akọ̀wé ní ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ pẹ́ gan-an lónìí. Ó gba káàdì àtijọ́ lọ́wọ́ Káfíńtà, ọwọ́ Káfíńtà sì fi í sílẹ̀ láìjà.

Káfíńtà gbé àpò kọ́ èjìká òsì. Ó pe ìyàwó rẹ̀, ó sọ ipò fún un. Ìyàwó bi í léèrè bí ọwọ́ ṣe rí. Ó ní ó ti ṣí. Ìyàwó ní ọpẹ́ o, ó ní òun ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀ láàárọ̀, wọ́n ní tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń jẹun lórí rẹ̀.

Ó ti ń ti ilẹ̀kùn nígbà tó gbọ́ Télọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tó ń bi akọ̀wé ní ìbéèrè kan. Ó fẹ́ mọ ọjọ́ tí owó òní yóò bọ́. Akọ̀wé ní òní ọdún méjì ni, nígbà tí ìdíje bá parí. Télọ̀ béèrè bóyá àárọ̀ ni tàbí ìrọ̀lẹ́. Akọ̀wé ní òun kò mọ ìyẹn.

Télọ̀ yá bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ ọjọ́ náà sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè gbẹ, ó sì pa ọwọ́ náà dé.